PCOS kò parí síbi skáànù: àyẹ̀wò ṣúgà, BP àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e

Ìwé tí wọ́n ń fi lé obìnrin lọ́wọ́ níbi skáànù, ì báà jẹ́ ní Lagere ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí nítòsí ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà, kì í sábà ju ojú ewé kan lọ. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò ẹyin kéékèèké ti pọ̀ jù nínú ilé ẹyin rẹ̀, wọ́n á sì fi PCOS (polycystic ovary syndrome, àìsàn hòmónù tó ń kan ilé ẹyin) parí rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń gba gbogbo ọkàn: ọkọ ń béèrè, ìyá ọkọ ń béèrè, òun fúnra rẹ̀ kò rí oorun sùn. A kò ní fojú kéré ìyẹn rárá. Àmọ́ ohun mìíràn wà tí PCOS ń ṣe lábẹ́lẹ̀, tí kì í dun èèyàn, tí skáànù kò sì lè yà jáde: ó ń ti ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Àtọ̀gbẹ tètè ń mú obìnrin tó ní PCOS ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní i lọ, nígbà míì kó tó pé ogójì ọdún. Bí a ṣe ń wá ewu yìí rí kó tó di àìsàn ni àlàyé yìí dá lé.

Ta ni a ń pè ní ẹni tó ní PCOS?

Skáànù nìkan kò tó láti sọ pé obìnrin ní PCOS. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ní ìlú Rotterdam ní 2003, tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé nínú èyí tí wọ́n tún gbé jáde ní 2023, ni pé ó gbọ́dọ̀ ní méjì nínú ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni nǹkan oṣù tí kò lọ déédéé: ó ń dé kí ọjọ́ 21 tó pé, tàbí ó ń kọjá ọjọ́ 35, tàbí kò wá tó ìgbà 8 lọ́dún. Èkejì ni àmì pé hòmónù tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin pọ̀ lára rẹ̀: irun líle ní àgbọ̀n, òkè ètè, àyà tàbí abẹ́ ìdodo, tàbí kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé testosterone ga. Ẹ̀kẹta ni skáànù: kí àpò ẹyin kéékèèké tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé ẹyin kan, tàbí kí ilé ẹyin kan tóbi tó mílílítà 10. Fún àgbàlagbà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AMH, ìyẹn hòmónù tí àwọn àpò ẹyin kéékèèké ń ṣe jáde, lè dúró dípò skáànù. Ọmọbìnrin tí kò tíì lo ọdún 8 láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, a kì í fi skáànù dá PCOS mọ̀ lára rẹ̀, nítorí ilé ẹyin ọ̀dọ́ sábà máa ń kún fún irú àpò bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn kankan.

Àwọn àpò náà kì í ṣe ìju, wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, a kì í sì í la ikùn obìnrin láti kó wọn kúrò. Ẹyin tí kò rí àyè dàgbà ni wọ́n.

Kí dókítà tó fi orúkọ PCOS sí i, ó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ hòmónù thyroid àti prolactin wò, nítorí àwọn náà lè da nǹkan oṣù rú. Ẹ má sì fi ìpara abóra pamọ́ fún un. Èyí tí wọ́n po steroid bíi clobetasol mọ́, bí ó bá pẹ́ lára, á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, á mú ojú wú, á gbé ṣúgà àti BP sókè, á sì da nǹkan oṣù rú, débi pé gbogbo rẹ̀ á jọ PCOS. Ohun tó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó yẹ ẹni tó ní PCOS. Kò gbọdọ̀ já ìpara náà sílẹ̀ lójijì láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, nítorí ara rẹ̀ lè ti gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí ló pa ilé ẹyin pọ̀ mọ́ ṣúgà?

Bí a bá jẹun tán, ì báà ṣe iyán, ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì, ara á sọ ọ́ di ṣúgà, ṣúgà á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní pancreas ń ṣe jáde, ló ń sọ fún ẹran ara, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá pé kí wọ́n gba ṣúgà náà wọlé. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, àti àwọn tí kò sanra pàápàá, ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ kì í tètè gbọ́ ohun tí ínsúlínì ń wí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá di, ariwo la fi ń bá a sọ̀rọ̀: pancreas á máa tú ínsúlínì jáde ju bó ti yẹ lọ kí ọ̀rọ̀ lè wọ̀ wọ́n létí. Ṣùgbọ́n etí ilé ẹyin kò di. Gbogbo ariwo yẹn ló ń gbọ́, òun ló sì ń mú kó máa ṣe testosterone láṣejù. Ínsúlínì tó pọ̀ yìí tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ dín èròjà tó máa ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀ kù, kí èyí tó kù lè máa rìn fàlàlà. Irun àgbọ̀n, irorẹ́, nǹkan oṣù tó ń sá, ṣúgà tó ń gòkè: orísun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá.

Níwọ̀n ìgbà tí pancreas bá ṣì lè ṣe iṣẹ́ àṣekún yẹn, ṣúgà kò ní ga. Ọdún púpọ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pin, ṣúgà lẹ́yìn oúnjẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ lára àwọn obìnrin wọ̀nyí, tí ti òwúrọ̀ á ṣì dára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fa ohun tí a máa sọ nípa FBS, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà òwúrọ̀ kí a tó jẹun.

Téèpù aránṣọ, àti ẹ̀yìn ọrùn

Ìwọ̀n ikùn ń sọ púpọ̀ nípa ewu yìí, téèpù aránṣọ sì tó o, bí kò bá ti gbó débi tó ń nà. Ẹ tú ìró tàbí bẹ́líìtì kúrò. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí egungun ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Àárín méjèèjì ni téèpù á gbà yí ara ká. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń so ìró mọ́, kì í sì í ṣe orí ìdodo lára gbogbo èèyàn. Ẹ dúró tààrà, ẹ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ ka téèpù nígbà tí èémí bá jáde tán, láì fa ikùn wọlé, láì fún téèpù mọ́ ara. Fún obìnrin, 80 cm sókè, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 31 àtààbọ̀, jẹ́ àmì ewu. Ọ̀nà mìíràn tó dára ni pé kí ìwọ̀n ikùn má tó ìdajì gíga ẹni: ẹni tó ga ní 156 cm, 78 cm ni ààlà tirẹ̀.

A tún ń wọn ìwúwo àti gíga láti fi ṣírò BMI, ìyẹn iye tó ń sọ bóyá ìwúwo ẹni bá gíga rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí BMI tó dára fi ọkàn yín balẹ̀ jù. Ohun tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni obìnrin tín-ín-rín tó béèrè àyẹ̀wò ṣúgà, tí wọ́n dá a padà pé kò sanra, kí ló fẹ́ fi ṣe. Gbogbo obìnrin tó ní PCOS ni ìlànà 2023 ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó sanra o, kò sanra o.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn, abíyá àti abẹ́ ọmú náà. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú ju ara tó kù lọ, tó nípọn, tó sì ki, ó lè jẹ́ pé ínsúlínì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Ìdọ̀tí kọ́. Kànìnkànìn kò lè bó o, ìpara kò sì lè wo ohun tó ń fà á sàn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ti fi í bú pé kò mọ ara á fọ̀. Bí ẹ bá rí i lọ́rùn ọmọ yín, ẹ má ha ọrùn náà. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

BP

Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń fi ìkánjú wọ̀n jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó sáré gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n sì wé nǹkan mọ́ lápá bó ti ń jókòó, iye tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ọkàn. Ẹ má sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí apá bá tóbi, kí wọ́n lo àpò rọ́bà tó tóbi, nítorí èyí tó kéré jù máa ń gbé iye náà ga láìtọ́. Bó bá jẹ́ 130/85 sókè, ó ti wọ ìṣirò ewu tí a máa sọ níwájú. Bó bá tó 140/90 sókè ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, bákan náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tí wọ́n ń kọ fún PCOS, torí irú èyí tó ní estrogen nínú lè gbé BP ga.

Ṣúgà: ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà. FBS ni ti òwúrọ̀ kí a tó fi nǹkan kan ẹnu. OGTT ni èyí tí wọ́n ń fún èèyàn ní glúkóòsì mu, tí wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n á sì tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 2. HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn, kò sì béèrè pé kí ẹ fi ebi panú.

OGTT ló péye jù fún obìnrin tó ní PCOS, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: ṣúgà lẹ́yìn oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ yẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé FBS obìnrin kan jẹ́ 92 mg/dl. Wọ́n á ní ara rẹ̀ dá. Bó bá mu glúkóòsì, tí ti wákàtí kejì rẹ̀ sì jẹ́ 168, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, FBS kò sì rí i. Àwọn iye tí a fi ń pín in nìyí. FBS tó kéré sí 100 mg/dl dára. Láti 100 sí 125, ó ti ń yẹ̀. 126 sókè, àtọ̀gbẹ ni. Ní wákàtí kejì OGTT, ohun tó kéré sí 140 dára. 140 sí 199, ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ ni. 200 sókè, àtọ̀gbẹ ti wọlé. HbA1c tó kéré sí 5.7% dára, 5.7 sí 6.4 ń yẹ̀, 6.5 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí lábù yín bá kọ ọ́ ní mmol/L, ẹ fi 18 sọ iye yẹn di púpọ̀ kí ẹ rí mg/dl. Ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan lára, èsì kan ṣoṣo tó ga kò tó láti pè é ní alátọ̀gbẹ. Wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, àfi bí àyẹ̀wò méjì nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà bá jọ sọ ọ̀rọ̀ kan.

OGTT tí wọn kò ṣe dáadáa ń ṣini lọ́nà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ jẹ oúnjẹ yín bí ẹ ti ń jẹ ẹ́: iyán, ìrẹsì, iṣu, ẹ̀wà, tí ìdá afúnnilágbára inú rẹ̀ kò ní dín ní gíráàmù 150 lójúmọ́. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà nínú ààwẹ̀ Ramadan, tàbí ẹni tó ti fi òkèlè sílẹ̀ nítorí kó lè fọn, kó sún àyẹ̀wò náà síwájú títí tó fi máa jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara tí kò ti rí oúnjẹ afúnnilágbára fún ọjọ́ mélòó kan kì í mọ bí yóò ṣe gba glúkóòsì tó dé lójijì, èsì á sì ga bí ẹni pé àtọ̀gbẹ ni. Bí ibà tàbí àìsàn mìíràn bá ń ṣe yín, ẹ sún un síwájú bákan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹun tán kó tó di aago mẹ́wàá. Wákàtí 8 sí 14 ni kí ẹ fi wà láìjẹun. Omi lásán kò burú. Tíì, súìtì, ṣingọ́ọ̀mù àti mínírà kò wọlé, àgbo náà kò wọlé, ì báà jẹ́ àgbo ibà. Ẹ sọ fún dókítà nípa oògùn tí ẹ ń lò; àwọn kan, pàápàá steroid, ń gbé ṣúgà sókè, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ bóyá kí ẹ dá a dúró.

Ní lábù, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ láti inú iṣan apá. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa mu gíráàmù 75 glúkóòsì tí wọ́n po mọ́ omi mílílítà 250 sí 300, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 5. Òṣùwọ̀n ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí kò lè wọ̀n ọ́n, ìdajì páálí kò sì lè wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ irú glúkóòsì tí wọ́n kọ monohydrate sí lára ni wọ́n ń lò, gíráàmù 82.5 ni kí wọ́n wọ̀n, torí omi wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fi ife kan ẹnu ni wákàtí 2 náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí. Ẹni tó bá dìde lọ nájà ní Sábó, tó sì padà wá, ẹran ara rẹ̀ ti jẹ nínú ṣúgà náà, èsì á sì kéré ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá bì, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Ọjọ́ mìíràn ni.

Ohun kan wà tí aláìsàn kì í rí, ó sì tọ́ kó béèrè: irú ìgò wo ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà sí? Ìgò tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, tí fluoride wà nínú rẹ̀, ló yẹ ṣúgà. Nínú ìgò lásán, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ ṣúgà náà lọ, ó lè dín ní 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ láti lábù kékeré kan lọ sí òmíràn, ìdínkù yẹn tó láti sọ alátọ̀gbẹ di ẹni tí kò ní nǹkan kan. Fluoride pàápàá kì í dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ lé ẹ̀jẹ̀ náà lórí. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka wúlò fún ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. A kì í fi í dá àtọ̀gbẹ mọ̀ lára ẹni tuntun.

HbA1c ńkọ́? Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa ó ní ìṣòro tirẹ̀. Ara sẹ́ẹ̀lì pupa ni ṣúgà ti ń lẹ̀ kí wọ́n tó kà á, nítorí náà ohun tó bá ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa ń ṣe HbA1c. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú, HbA1c rẹ̀ á kéré lásán. Nǹkan bí èèyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àwọn ẹ̀rọ kan kì í sì í ka ti AS dáadáa. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi nígbà tó bá dé, tí irin ti tán lára rẹ̀, ti òun lè ga láìnídìí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, èsì rẹ̀ kò ṣe é gbára lé. Ẹ mọ jínótáìpù àti PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) yín kí ẹ tó gba èsì HbA1c gbọ́. Bí OGTT kò bá ṣeé ṣe, FBS àti HbA1c pa pọ̀ sàn ju ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wọn ínsúlínì fúnra rẹ̀ kò pọn dandan. Ó wọ́n, iye rẹ̀ ń yí padà láti lábù kan sí òmíràn, kì í sì í yí ohun tí dókítà máa ṣe padà. Ẹ fi owó yẹn ṣe OGTT.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àti ìṣirò márùn-ún náà

Ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní PCOS gbọ́dọ̀ ṣe é. Èsì ló máa sọ ìgbà tí wọ́n á tún un ṣe. Wọ́n á wo irú ọ̀rá mẹ́ta: LDL tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá burúkú, HDL tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá rere, àti triglyceride. HDL ni a fẹ́ kó pọ̀, kí ti obìnrin má dín ní 50 mg/dl. Triglyceride ni a fẹ́ kó wà lábẹ́ 150.

Bí mẹ́ta bá pé nínú márùn-ún yìí, ewu àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti kó ara jọ sára kan: ìwọ̀n ikùn 80 cm sókè, BP 130/85 sókè, FBS 100 sókè, triglyceride 150 sókè, HDL tó dín ní 50. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í mẹ́nu bà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, triglyceride kì í sábà ga bí ti àwọn aláwọ̀ funfun, kódà nígbà tí ara kò bá gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Triglyceride tó jẹ́ 85 kò sọ pé kò séwu. Bí ìwọ̀n ikùn bá ti kọjá 80, tí HDL kéré, tí ọrùn sì dúdú, kí dókítà má dúró de triglyceride kó tó ṣiṣẹ́.

Àwọn tó kù

Bí obìnrin bá ń hanrun kíkankíkan, tí oorun ń kùn ún lójú ọ̀sán bó tilẹ̀ sùn lóru, kó sọ ọ́, nítorí èémí tó ń dá dúró lójú oorun wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní PCOS, ó sì ń gbé BP ga. Bí nǹkan oṣù kò bá wá fún ju ọjọ́ 90 lọ, tí kì í ṣe oyún, ara inú ilé ọmọ á máa nípọn, ìyẹn sì lè di jẹjẹrẹ bó bá pẹ́. Oògùn progestogen wà tí wọ́n fi ń mú un wá sọ̀ kalẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn náà wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí dókítà béèrè, kí ẹ sì dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a tún un ṣe?

Ọdún kan sí mẹ́ta ni ìlànà 2023 fi sí ṣúgà. Ọdọọdún ni kó jẹ́ fún ẹni tí ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí BMI rẹ̀ ti tó 25, ẹni tí BP rẹ̀ ga, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti yẹ̀ rí, àti ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ nínú oyún. Àwọn tó kù lè jẹ́ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ìwúwo bá ń gòkè lọ́dọọdún, ẹ má dúró.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ lè wọn BP àti ikùn. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ àti Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní Iléṣà ni ẹ ti lè rí dókítà obìnrin àti dókítà àtọ̀gbẹ. Ẹ mú ìwé skáànù, jínótáìpù àti ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín mẹ́fà tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ dání, torí ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Bí èsì bá ti yẹ̀

Kò sí oúnjẹ kan pàtó tí a fi hàn pé ó ju òmíràn lọ fún PCOS, ẹni tó bá sì ń ta tíì kan pé ó ń fọ ilé ẹyin mọ́ ń gba owó lásán ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí èèyàn lè máa bá lọ. A kò ní sọ fún Ìjẹ̀ṣà pé kó má jẹ iyán. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà gba ìdajì àwo, kí mínírà àti móòtì kúrò nínú rẹ̀. Fún ẹni tó sanra, bí ó bá dín 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kù, ìyẹn kílò 4 sí 8 fún ẹni tó wọn kílò 80, ó sábà máa ń tún ṣúgà àti nǹkan oṣù ṣe. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú iṣan le lọ́jọ́ méjì. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlínì púpọ̀, ó sì wúlò bí ìwúwo kò tilẹ̀ yí padà.

Metformin wà fún àwọn kan. 500 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi 500 mg kún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ra a ní kẹ́míìsì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, inú á máa rú u, ìgbẹ́ gbuuru á mú un, á sì pa á tì kó tó ṣe é láǹfààní kankan. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ó bá pẹ́ lára, fítámì B12 lè dín kù. Ó tún lè mú kí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà, nítorí náà ẹni tí kò fẹ́ oyún lásìkò náà kò gbọdọ̀ rò pé PCOS ti fètò sọ́mọ bíbí fún òun.

Fún ẹni tó ń wá oyún

Kí ẹ ṣe OGTT kí oyún tó dé. Bí oyún bá ti dé láìṣe é, kí wọ́n ṣe é ní ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ fún àbójútó aboyún, kí gbogbo wọn sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Iye inú oyún yàtọ̀ sí ti ìta: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, bí ọ̀kan péré bá sì tó 92 mg/dl láàárọ̀, 180 ní wákàtí kìíní, tàbí 153 ní wákàtí kejì, àtọ̀gbẹ inú oyún ni. Ọ̀pọ̀ ibi ló ṣì ń fi FBS nìkan yẹ aboyún wò. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé ẹ ní PCOS, kó kọ ọ́ sínú káàdì, torí òun náà ni wọ́n á fi mọ̀ pé BP yín fẹ́ àmójútó ju ti ẹlòmíràn lọ bí oyún bá ti dàgbà. Bí àtọ̀gbẹ bá sì yọjú nínú oyún náà, kí wọ́n tún ṣe OGTT láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ó rọrùn láti gbàgbé lásìkò náà, nígbà tí ọmọ ń sunkún, tí àlejò sì kún ilé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dára fún un.